Ìmúra Ọjọ́ Alẹ́ Nínú Ilé Ẹni

Kò sí ẹni tó jí ní òwúrọ̀, tó wẹ̀, tó múra, tó jáde lọ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tí kò ní ibì kan lọ́kàn tí yóò padà sí nígbà tí oòrùn bá wọ̀, nítorí ilé ni àbọ̀ simi oko. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ẹni tó ń tọrọ ẹ̀mí gígùn lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá tí kò ní in lọ́kàn pé, bí ọjọ́ alẹ́ bá dé, inú ilé òun, lórí ibùsùn òun, láàárín àwọn tó mọ orúkọ òun tí wọ́n sì mọ oríkì òun, ni òun yóò ti lò ó. Àdúrà ńlá ni, a sì ń gbà á tọkàntọkàn. Ìmúrasílẹ̀ tó yẹ kó tẹ̀lé e ni a kì í sábà ṣe.

Ẹ wo bí a ti ń kọ́lé ní ilẹ̀ wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni í ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó rí owó ra ilẹ̀. A ra búlọ́ọ̀kù lónìí, a ra sìmẹ́ǹtì lọ́dún tó ń bọ̀, a sinmi díẹ̀ nítorí owó ilé ìwé àwọn ọmọ, a tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí a ó bá sì fi kó wọlé, irun funfun ti ń yọ ní ẹ̀bá etí. Ilé tí a ṣe wàhálà lé lórí báyìí, ìgbà tí a ó gbé inú rẹ̀ jù ni ìgbà àgbà, síbẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ ni a fi ń wọn àtẹ̀gùn rẹ̀, ojú ọ̀dọ́ ni a sì fi ń yan táìsì rẹ̀. Èrò tèmi ni pé ẹni méjì ni onílé ń kọ́lé fún: ara rẹ̀ ti òní, àti arúgbó tí òun fúnra rẹ̀ yóò dà, ẹni kejì yìí kì í sì í sí níbẹ̀ láti bá bíríkìlà sọ̀rọ̀, bí a kò bá gbẹnu sọ fún un, kò sí ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ nítorí rẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa kò ní ìṣòro yìí tó bí a ti ní in. Agbo ilé ni wọ́n ń gbé, ilẹ̀ títẹ́jú ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn yí àgbàlá ká, yàrá sì ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Baálé a jókòó síbi tí ẹni tó ń wọlé àti ẹni tó ń jáde yóò ti kí i, ìyá àgbà a máa ṣa ẹ̀fọ́ lójú gbogbo ayé, tó fi jẹ́ pé bí àgbàlagbà kan kò bá yọjú ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú, ẹni mẹ́wàá yóò ti bèèrè rẹ̀. Ní ọdún 1845 ni wọ́n parí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, èyí tí a mọ̀ sí pẹ́tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Láàárín ọ̀rúndún kan náà ni àwọn Àgùdà, ọmọ bíbí wa tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Brazil tí orí sì kó wọn bọ̀, gbé iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà tí wọ́n kọ́ lọ́hùn-ún wọ Èkó, Èkó akéte ilé ọgbọ́n, tí wọ́n sì kọ́ àwọn ilé aláràbarà sí Pópó Àgùdà. Láti ìgbà náà ni ilé alágbékà ti di àmì pé Ọlọ́run ṣe é fún ènìyàn. N kò bu ẹnu àtẹ́ lu pẹ́tẹ́ẹ̀sì. Ohun tí mo ń sọ ni pé nígbà tí a fi agbo ilé sílẹ̀, a fi ojú tó ń ṣọ́ àgbàlagbà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, a kò sì tíì wá nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Òwe wa kan wí pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ilé, ìṣubú àgbà kì í ṣe ohun kékeré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ìṣubú ń pa tó 684,000 ènìyàn lọ́dọọdún káàkiri ayé, pé lẹ́yìn jàǹbá ọkọ̀, kò sí jàǹbá tó ń pani tó o, àti pé àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ni ó ń pa jù. Níbi tí kò bá ti pani, ó lè ṣẹ́ eegun ìgbáròkó, ẹni tí ìgbáròkó rẹ̀ bá sì ṣẹ́ ní 75 ọdún lè má rìn láìsí ọ̀pá mọ́ láéláé. Mo sì fẹ́ kí a gba òtítọ́ kan yìí: nígbà tí ìyá àgbà bá ṣubú ní balùwẹ̀, a máa ń wá ẹni tó ta á lọ́fà, a máa ń ka ọ̀tá, a máa ń fura sí orogún àti aládùúgbò, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó ń yọ̀ ṣì wà níbẹ̀ tó ń dúró de ẹlòmíràn. Ẹran ara itan máa ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Eegun àwọn obìnrin máa ń fúyẹ́ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró. Ojú kì í tètè mọ òkùnkùn mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn a máa mú kí òòyì kọ́ ènìyàn bó bá dìde lójijì, nítorí náà ni àwọn dókítà ṣe ń ní kí àgbàlagbà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn díẹ̀ kí ó tó nàró. Nígbà tí gbogbo èyí bá pàdé òru, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n ni, àti ọ̀nà tí kò sí iná, ìṣubú kò nílò ẹlẹ́mìí èṣù kankan láti wáyé.

Ẹ jẹ́ kí a wọ inú balùwẹ̀ kan, irú èyí tó wà ní ọ̀pọ̀ ilé wa, kí a sì fi ara balẹ̀ wò ó. Ní ẹnu ọ̀nà, bíríkìlà ti mọ ìgànná kékeré kan dábùú ilẹ̀ kí omi má baà ṣàn jáde. Ọ̀dọ́ kì í tilẹ̀ mọ̀ pé òun ń fò ó, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tí kò gbé ẹsẹ̀ sókè tó mọ́ yóò fi ọmọ ìka kọ ọ́. Ilẹ̀ jẹ́ táìsì dídán, irú èyí tó yẹ pálọ̀, nítorí pé ẹni tó tà á sọ pé ó rọrùn láti nù. Korobá omi wà ní igun kan, ọṣẹ wà nílẹ̀, kànrìnkàn wà lórí ẹ̀rọ omi. Ìyá wọlé, ó ró aṣọ mọ́ àyà, etí aṣọ náà ń wọ́lẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí pẹlẹbẹ tó ti ń jókòó lé láti ìgbà tó ń wẹ ọmọ, ó wẹ̀ tán, ilẹ̀ ti tutù, ọṣẹ ti yọ́, ó sì fẹ́ dìde. Kí ni yóò dì mú? Ó na ọwọ́ sí irin tí a fi ń kọ́ tówẹ̀lì. Irin náà kò ju ìwọ̀n tówẹ̀lì lọ. Ìdè kékeré méjì ni wọ́n fi kàn án, ó já, ìyá sì lọ pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun tí yóò tún balùwẹ̀ yìí ṣe kò tó owó ìnáwó ìsọmọlórúkọ kan. Kí a fọ́ ìgànná ẹnu ọ̀nà náà, kí a sì mú kí ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀nà tí omi ń bá lọ. Kí a fi táìsì tó rí gárugàru, tàbí sìmẹ́ǹtì lásán tí a kò dán, rọ́pò táìsì pálọ̀. Kí a kan irin ìdìmú tó nípọn mọ́ ibi tí a ti ń wẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń ṣe ìgbọ̀nsẹ̀, ní gíga ínṣì 33 sí 36 láti ilẹ̀, kí ìdè rẹ̀ wọ inú búlọ́ọ̀kù dáadáa, kí géńdé kan sì fi gbogbo ara fà á wò kí a tó gbà pé ó dúró. Kí àga oníke tó lágbára, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní rọ́bà, rọ́pò àpótí, nítorí orúnkún tí làkúrègbé bá ti mú kì í lè gbé ara dìde láti ibi tó lọ sílẹ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Fún ìdí kan náà ni ṣáláńgá tí a ń lóṣòó lé fi di ìyà fún àgbàlagbà. Ìjókòó ìgbọ̀nsẹ̀ tó ga tó ínṣì 17 sí 19 ni ó rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Ẹni tó bá sì ń kọ́lé lọ́wọ́, kí ó sọ fún káfíńtà pé ilẹ̀kùn yàrá àti ti balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ínṣì 36, kí kẹ̀kẹ́ aláìsàn lè gbà á, kí ẹni méjì tó ń ti ẹnì kan lẹ́yìn sì lè bá a wọlé.

Ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn ló kàn. Ìyá kan tí mo lọ kí ní Abẹ́òkúta, ìlú àwọn ọmọ Lísàbí tó forí pamọ́ sábẹ́ Olúmọ, jókòó sí òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó, Màmá. Ìgbà wo lẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́yìn?" Ó wo ojú fèrèsé, ó ní, "Ọmọ mi, ọjọ́ ìsìnkú bàbá wọn ni." Àwọn yàrá ìsàlẹ̀ ilé kan náà, tó tẹ́jú, tó kángun sí ojú ọ̀nà níbi tí gbogbo ẹni tó bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà ì bá ti máa kí i, àwọn onísọ̀ ni wọ́n ń san owó háyà lórí wọn. Owó náà dára, àwọn ọmọ rẹ̀ sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò kàn sí ẹni tó rò ó nígbà tí wọ́n ń pín yàrá. Bí ẹ bá ní pẹ́tẹ́ẹ̀sì, ẹ yọ yàrá kan àti balùwẹ̀ kan sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ máa lò ó fún àlejò títí ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín yóò fi nílò rẹ̀. Bí kò bá sì sí bí a ti ṣe lè sọ̀ kalẹ̀, kí irin ìdìmú wà ní apá méjèèjì àtẹ̀gùn, kí ìgbésẹ̀ kan má ga ju ínṣì 7 lọ, kí gbogbo wọn ga dọ́gba, kí a sì fi ọ̀dà funfun kun etí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ojú tó ti ń ṣe bàìbàì lè rí i.

N kò ní pẹ́ lórí iná. Gbogbo wa la mọ bí iná ìjọba ti ń lọ láìdágbére. Kí tọ́ọ̀ṣì tàbí fìtílà tí a ń fi iná mànàmáná sí nínú wà níbi tí ọwọ́ yóò ti tó o láti orí ibùsùn. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ó sì ti pa odindi ẹbí lójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ inú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Irin tí a sì fi dí ojú fèrèsé nítorí olè, ó kéré tán, kí ọ̀kan nínú wọn ṣeé ṣí láti inú, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sì sí níbi tí a ó ti máa wá a nígbà tí èéfín bá ti gba ilé.

Ilé tó dára kò ní ṣe iṣẹ́ ara. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn tó ti pé 65 ọdún níyànjú pé kí wọ́n máa rìn tàbí ṣe iṣẹ́ tó ń mú ara gbóná fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣe eré ìdárayá tó ń mú ẹsẹ̀ dúró ṣinṣin ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹni tó bá ń dìde láti orí àga láìfi ọwọ́ ti ara, tó ń jókòó, tó tún ń dìde, títí ara fi lágara díẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Kí a yẹ ojú wò pẹ̀lú, nítorí àrùn tí í mú kí inú ẹyinjú funfun bí ìkùukùu ni ó ń fọ́ ojú jù ní orílẹ̀-èdè wa, bẹ́ẹ̀ sì ni dókítà ojú lè fi iṣẹ́ abẹ mú un kúrò. Ní Ìbàdàn mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, ilé ìwòsàn ńlá UCH ṣí ilé ìtọ́jú tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbàlagbà ní ọdún 2012, wọ́n sì fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè é; ẹ má dúró di ìgbà tí wọn yóò gbé yín wọlé lórí ibùsùn kí ẹ tó mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń sọ nínú ara wọn pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, n kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú tín-ín-rín wo ojúṣe ọmọ sí òbí nílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ọmọ yín wà ní Lọ́ńdọ̀nù, èkejì wà ní Houston, ẹ̀kẹta ń jí kúrò nílé ní Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tó ń wọlé lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn ti sùn. Wọ́n lè fi owó ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí yóò gbé ìyá dìde nílẹ̀ kò ṣeé fi ránṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ bá wọn sọ ọ́ nígbà tí gbogbo wọn bá pé jọ nígbà ọdún, ta ni yóò máa gbé pẹ̀lú yín, èló ni wọn yóò máa san fún un, ta ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń ṣe dáadáa tàbí ó ń jẹ gàba lé yín lórí. Kí ẹ bá aládùúgbò kan tí ẹ fọkàn tán ṣe àdéhùn pé kí ó máa wo ojú fèrèsé yín lówùúrọ̀, bí kò bá ṣí ní àsìkò tó máa ń ṣí, kí ó kan ilẹ̀kùn. Kí kọ́kọ́rọ́ kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú tí agbo ilé ń fi ṣọ́ àgbà, báyìí ni a ṣe lè ra díẹ̀ padà nínú rẹ̀.

Owó ńkọ́? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba mọ ọjọ́ tí wọn yóò fẹ̀yìn tì, ní 60 ọdún tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014, tó rọ́pò ti ọdún 2004, ní kí ìdá 8 nínú 100 owó òṣìṣẹ́ máa lọ sí àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lóṣooṣù, kí agbanisíṣẹ́ sì fi ìdá 10 kún un. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ̀yin aránṣọ, ẹ̀yin onímọ́tò àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ kò ní ọ̀gá, láti ọdún 2019 ni ètò tiyín náà ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹ lè máa dá ohun tí agbára yín bá ká sínú rẹ̀ bí ẹ ti ń dá èsúsú, ẹ sì lè gba apá kan nínú rẹ̀ bí ìṣòro bá dé, kí ìyókù dúró de ọjọ́ alẹ́. Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni bí ẹni 60 ọdún ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ kan, tó sì ń fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àgbékà kejì tí kò ní parí, nígbà tí òrùlé ilé tó ń gbé ń jò, tí balùwẹ̀ rẹ̀ sì wà bí mo ti júwe rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó ku ohun tó wúwo jù, ìyẹn ni ẹni tó ni ilé. Ó ṣeé ṣe kí a ti kan irin, kí a ti tún ilẹ̀ ṣe, kí ọmọ ọkọ sì wá lé opó jáde. Nínú àṣà wa, aya kì í jogún ọkọ. Bí ọkùnrin bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ilé ẹbí, ti àwọn ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, bí ó bá sì fẹ́ ju aya kan lọ, ìdí-igi ni wọ́n sábà fi ń pín in, kí ojú ìyá kọ̀ọ̀kan gba ìpín dọ́gba láìka iye ọmọ tó bí. Ẹjọ́ ìdílé Dáwódù àti Dánmọ́lé ní Èkó rìn títí dé ìgbìmọ̀ adájọ́ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962, wọ́n sì fi ọwọ́ sí i níbẹ̀ pé ìdí-igi jẹ́ àṣà Yorùbá tó ṣì wà láàyè. Àwọn tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní òfin mìíràn tó lè gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ni a ó fi gbà á, ọdún mélòó sì ni arúgbó fẹ́ fi jókòó sí kóòtù? Mo ń bẹ ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń gbọ́ mi: obìnrin tó ta ẹ̀wù rẹ̀ kí ẹ lè ra páànù, tó gbọ́únjẹ fún bíríkìlà títí wọ́n fi dé òrùlé, ẹ má jẹ́ kí ó di àlejò nínú ilé yẹn ní ọjọ́ tí kò lágbára láti kó ẹrù mọ́.

Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra ilẹ̀, ẹ kọ orúkọ tọkọtaya sí ìwé náà. Bí ilé bá ti wà lórúkọ yín nìkan, lọ́yà lè kọ ìwé ẹ̀bùn tó fún aya yín ní ìpín rẹ̀ nígbà tí ẹ wà láàyè, kí ẹ sì rántí pé láti ìgbà Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yan ìwé ìhágún, kí ẹlẹ́rìí méjì wà níbẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ sí i, kí àwọn náà sì fọwọ́ sí i. Ẹnikẹ́ni nínú wọn, tàbí ọkọ tàbí aya wọn, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀bùn náà bọ́ sọ́nù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ kò lè fi ilé ẹbí tí ẹ jogún lọ́wọ́ baba yín hágún fún ẹlòmíràn, nítorí kì í ṣe tiyín nìkan. Ẹ̀tọ́ yín nínú rẹ̀ ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ lọ́yà kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ẹ kọ ọ́ nínú ìwé náà pé ìyá ni yóò máa gbé yàrá ìsàlẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kí ẹ sì fi ìwé náà pamọ́ sí kóòtù gíga, ní ọ́fíìsì tó ń bójú tó ìwé ìhágún, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ méjì, ó kéré tán, láti ojú ìyá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ bí ojú ìyá bá ju ọ̀kan lọ, mọ̀ pé ibẹ̀ ni ó wà.